Ta Ló Rí Fóònù Lọ́wọ́ Awakọ̀?

Lọ́dún 2011, ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé pé jàǹbá ọkọ̀ 93 tó gba ẹ̀mí ló ní fóònù awakọ̀ nínú. Lọ́dún yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ New York, tí èrò inú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Tennessee, kọ ẹyọ kan péré. Ẹni tó bá ní ẹbí tó ń wa takisí ní Brooklyn tàbí Bronx mọ̀ pé àwọn ará New York ò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ pé àwọn ò ní gbé fóònù mọ́. Ẹnu wọn kì í dákẹ́ nídìí sítíárìn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé jàǹbá ló yàtọ̀ láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń wakọ̀.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní National Safety Council, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ààbò lọ́hùn-ún, ló pe àfiyèsí sí òǹkà méjèèjì yìí lọ́dún 2013. Wọ́n kó jàǹbá 180 jọ, èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2009 sí 2011, tó gba ẹ̀mí, tí ẹ̀rí sì wà pé awakọ̀ wà nídìí fóònù nígbà tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n wá lọ wò ó bóyá ìwé ìjọba àpapọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ti 2011, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìyókù ti di nǹkan mìíràn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé níbi tí awakọ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pàápàá, nǹkan bí ìdajì irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ni kò ní fóònù nínú àkọsílẹ̀.

Kò ṣòro láti mọ ohun tó fà á. Ọtí máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀; dókítà lè fa ẹ̀jẹ̀ òkú kó sì mọ iye tó mu. Eré àsápajúdé máa ń fi ojú táyà sílẹ̀ lórí ọ̀dà. Táyà tó bẹ́, bíbẹ́ náà ni wọ́n á bá a. Ti fóònù ò rí bẹ́ẹ̀. Ìpè á já, iná ojú rẹ̀ á kú. Awakọ̀ tó bá yè é á ní òun ò gbé e rárá, èyí tó sì kú ò lè wí nǹkan kan. Ọlọ́pàá tó dé ibẹ̀ ní ẹni tó fẹ́ gbé lọ sílé ìwòsàn, ó ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó fẹ́ tú ká. Kò ráyè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n wá sọ àsìkò tí ìpè ìkẹyìn wọlé. Á kọ ọ́ pé awakọ̀ ò lè kápá ọkọ̀ mọ́, iṣẹ́ ti parí.

Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe ní òǹkà méjì tó jìnnà síra bí ọ̀run ṣe jìnnà sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, National Safety Council kéde pé ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ni fóònù wà nídìí rẹ̀: mílíọ̀nù 1.4 láti ara ọ̀rọ̀ sísọ, ó kéré tán 200,000 láti ara títẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ wá wo NHTSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ojú pópó níbẹ̀. Nínú ìwé tiwọn, ẹni 410 ló kú lọ́dún 2021 nínú jàǹbá tí wọ́n kọ fóònù sí, nígbà tí gbogbo òkú ojú pópó ọdún yẹn lé ní 43,000. Kò tilẹ̀ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lóòótọ́, ọdún méjèèjì yàtọ̀, ọ̀kan sì ń ka gbogbo jàǹbá, èkejì ń ka òkú nìkan. Ìyẹn ò tó láti sọ 28 di 1.

Kò sẹ́ni tó ka mílíọ̀nù 1.4 yẹn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ ni, ó sì yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, torí irú ìṣirò yìí ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àkọlé tí ìwé ìròyìn máa ń gbé. NHTSA máa ń rán èèyàn lọ dúró sí oríta lójú ọ̀sán, kí wọ́n máa yọjú wo àwọn awakọ̀ tó ń kọjá. Láti ara èyí ni wọ́n fi fojú bù ú lọ́dún 2008 pé nínú awakọ̀ ọgọ́rùn-ún tó wà lójú títì nígbàkígbà, nǹkan bíi mọ́kànlá ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àtẹni tó gbé e sétí àtẹni tó ń lo èyí tí kò gba ọwọ́. Ìwádìí kan sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ewu jàǹbá ẹni tó wà lórí fóònù tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tí kò sí lórí rẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. Awakọ̀ 89 tí kò gbé fóònù, ewu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1, àpapọ̀ 89. Awakọ̀ 11 tó gbé e, ewu ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4, àpapọ̀ 44. Gbogbo rẹ̀ di 133. Ká ní kò sẹ́ni tó gbé fóònù, 100 ni ì bá jẹ́. Fóònù ló fi 33 kún un, 33 nínú 133 sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo jàǹbá ọdún kan ni mílíọ̀nù 1.4.

Ìṣirò náà pé, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Àmọ́ orí "ìlọ́po mẹ́rin" ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, bí mẹ́rin bá sì di méjì, mílíọ̀nù 1.4 á wálẹ̀ gan-an. Níbo wá ni mẹ́rin ti wá?

Toronto ni, ní Kánádà. Donald Redelmeier jẹ́ dókítà, Robert Tibshirani jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìṣirò, àwọn méjèèjì sì wà ní yunifásítì ìlú náà. Ní oṣù kejì ọdún 1997 ni iṣẹ́ wọn jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n wá awakọ̀ 699 rí tó ní fóònù, tó sì ti ní jàǹbá tó ba ọkọ̀ jẹ́ láìṣe èèyàn léṣe. Wọ́n gba ìwé owó fóònù wọn, wọ́n sì yẹ ìpè 26,798 wò.

Ìṣòro tó máa ń ba irú ìwádìí báyìí jẹ́ ni pé ẹni tó ń lo fóònù nínú ọkọ̀ lè jẹ́ ẹni tó máa ń kánjú tẹ́lẹ̀, tó máa ń já síwájú ọlọ́kọ̀ ẹlòmíràn, tí ì bá ní jàǹbá bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fóònù. Bí ẹ bá fi í wé ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbé fóònù, ìwà àwọn méjèèjì lẹ ń wọ̀n, kì í ṣe fóònù. Redelmeier àti Tibshirani kò fi ẹnikẹ́ni wé ẹlòmíràn. Wọ́n fi oníkálukú wé ara rẹ̀. Ká ní ọkùnrin kan forí ọkọ̀ sọ ọkọ̀ ẹlòmíràn ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣé ó wà lórí ìpè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣáájú? Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ńkọ́, tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀? Ọkùnrin kan náà ni, ojú kan náà, ìwàǹwára kan náà, ọkọ̀ kan náà. Bí fóònù ò bá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí ìpè ọjọ́ méjèèjì bára mu lápapọ̀. Wọn ò bára mu. Ewu tó wà lásìkò ìpè jẹ́ ìlọ́po 4.3, wọ́n sì ní ó lè wálẹ̀ dé 3 tàbí kó gòkè dé 6.5.

Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀, mi ò fi bò. Síbẹ̀ ihò méjì wà lára rẹ̀ tó yẹ kéèyàn tẹjú mọ́. Èkíní, ta ló sọ pé ọkùnrin náà wakọ̀ rárá ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ajé? Ó lè jókòó sílé. Ẹni tó jókòó sílé ò lè pe èèyàn láti inú ọkọ̀, ìyẹn á sì mú kí ìpè ọjọ́ Ajé dà bí ẹni kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn olùwádìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dín òǹkà wọn kù nítorí rẹ̀. Richard Young, ti Wayne State University ní Detroit, ní wọn ò dín in kù tó. Nínú iṣẹ́ tó gbé jáde lọ́dún 2012, ó ní bí wọ́n bá yọ wákàtí tí èèyàn ò fi wakọ̀ kúrò bó ṣe yẹ, mẹ́rin yẹn á sún mọ́ ọ̀kan. Ìyẹn ni pé ewu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Ìkejì jẹ́ ti aago. Ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn awakọ̀ Toronto yẹn ló fi fóònù kan náà pe àwọn tó ń bójú tó pàjáwìrì lẹ́yìn jàǹbá. Bí ọkọ̀ bá kọ lu ọkọ̀ ní aago mẹ́wàá gééré, tí ìwé wá sọ pé aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ìpè "Ẹ gbà wá o!" á di ìpè tó ṣáájú jàǹbá. Ohun tó yẹ kó jẹ́ àbájáde á wá di okùnfà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní jàǹbá, ta ló ń wo aago?

Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí ní Perth, ní Ọsirélíà, ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀ 456 tí jàǹbá gbé dé ilé ìwòsàn. Ìlọ́po mẹ́rin náà ni wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìyẹn ti fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ó fún un lágbára díẹ̀ lóòótọ́, torí ìlú míràn ni, jàǹbá tó le ju ti Toronto lọ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe é, ihò tó bá wà lára èkíní lè wà lára èkejì. Ìwádìí méjèèjì tún fi hàn pé ẹni tó lo fóònù tí kò gba ọwọ́ kò ní ààbò ju ẹni tó gbé e sétí lọ. Èyí ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò tíì fẹ́ gbọ́, àwọn tí wọ́n ń fòfin de ọwọ́ tí wọ́n sì ń fi ọkàn sílẹ̀.

Àwọn ará Toronto yìí náà ni wọ́n sọ pé ewu ìlọ́po mẹ́rin jọ ti ẹni tó mu ọtí dé ibi tí òfin pààlà sí. Ìwé ìròyìn gbé e, ó di pé ẹni tó ń tẹ fóònù àti ọ̀mùtí, ọgbọọgba ni wọ́n. Ọtí kì í kúrò lójú ẹni títí ìrìn àjò á fi parí. Ìpè lè má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìṣẹ́jú méjì yẹn nìkan ni mẹ́rin náà wà fún. Lọ́dún 2006, David Strayer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utah fi èèyàn 40 sínú ọkọ̀ àfọwọ́ṣe tí ojú títì inú rẹ̀ jẹ́ àwòrán. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n wà á lójú mímọ́, wọ́n jẹ́ kí wọ́n wà á tàwọn tọtí, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n wà á tàwọn ti fóònù létí. Àwọn mẹ́ta ló kọ lu ọkọ̀ iwájú. Orí fóònù ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Kò sẹ́ni tó kọ lu nǹkan kan pẹ̀lú ọtí lójú. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ròyìn rẹ̀. Ẹni mẹ́ta nínú ogójì, nínú ọkọ̀ tí kò ní táyà! Ẹ̀rí tó wúlò níbẹ̀ ni bí ẹsẹ̀ àwọn onífóònù ṣe ń pẹ́ kó tó dé orí búrèkì. Mẹ́ta sí òdo yẹn ò tó ohun tí a fi ń sọ pé ọtí sàn ju fóònù lọ.

Òǹkà tó tún lókìkí ju mẹ́rin lọ ni 23. Lọ́dún 2009, yunifásítì Virginia Tech, tó fi kámẹ́rà sínú ọkọ̀ àwọn awakọ̀ tírélà, gbé e jáde pé ẹni tó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ní ewu ìlọ́po 23. Títí dòní lẹ ó máa bá a nínú ìpolongo pé ẹni tó ń tẹ fóònù, ìlọ́po 23 ni jàǹbá fi súnmọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣí inú 23 yìí wò. Ìṣẹ̀lẹ̀ 4,452 ni wọ́n kà. Jàǹbá gidi nínú rẹ̀ jẹ́ 21. Èyí tó kù díẹ̀ kó di jàǹbá jẹ́ 197. Èyí tó ní ewu nínú, àmọ́ tí kò le tó bẹ́ẹ̀, jẹ́ 3,019. Èyí tó kù, 1,215, jẹ́ pé táyà kàn yà kúrò lójú ìlà tirẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù á yà kúrò lójú ìlà, èyí ò ṣòroó gbà. Ṣùgbọ́n yíyà kúrò lójú ìlà àti kíkọlu èèyàn kì í ṣe ohun kan náà, 23 sì jẹ́ ti àkójọpọ̀ gbogbo wọn.

Nǹkan kan wà nínú ìwádìí kan náà tí mo rò pé ó wúlò ju 23 lọ, tí àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ pariwo rẹ̀. Kámẹ́rà rí i pé nínú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà tó yí ìṣẹ̀lẹ̀ ká, ẹni tó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ fi 4.6 nínú rẹ̀ wo fóònù. Ọkọ̀ tó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí máa ń lọ mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 4.6 jẹ́ mítà 115, ó ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ. Láti ojú ilé kan dé ojú ilé kejì ni awakọ̀ náà fi wà á láìwo iwájú.

Ní 2016, Virginia Tech tún ṣe èyí tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ àwọn èèyàn lásán ni wọ́n fi kámẹ́rà sí lọ́tẹ̀ yìí, awakọ̀ tó lé ní 3,500, wọ́n sì dúró títí jàǹbá gidi fi pé 905. Títẹ nọ́ńbà lórí fóònù ọwọ́ jẹ́ ewu ìlọ́po 12. Àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́ mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n mú òǹkà kan gbé dání nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èyí ni màá mú, torí kámẹ́rà rí fóònù, ó rí ojú, ó sì rí jàǹbá. Ọlọ́pàá ò rí fóònù. Ìwé owó fóònù rí ìpè, kò rí ojú.

Ẹ̀yin tó ń kọminú pé gbogbo èyí ò lè jẹ́ òótọ́, mo mọ ìbéèrè yín. Bí fóònù bá burú tó báyìí, kí ló dé tí òkú ò pọ̀ sí i? Lọ́dún 1990, nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ìlà fóònù alágbèéká ló wà ní Amẹ́ríkà, èèyàn 44,599 sì kú sójú pópó. Lọ́dún 2011, ìlà ti lé ní mílíọ̀nù 300, àwọn tó kú sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 32,000. Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ láàárín ogún ọdún yẹn, bẹ́líìtì ìjókòó di dandan ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ sí i, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde bọ́ sínú ọkọ̀, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà dé, ọrọ̀ ajé tún dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008 tí àwọn èèyàn fi dín ìrìn kù. Ẹni tó da iyọ̀ sọ́bẹ̀, tó sì tún bu omi sí i lákòókò kan náà, kò lè torí pé ọbẹ̀ ò níyọ̀ jù sọ pé òun ò fi iyọ̀ sí i. Láàárín 2020 sí 2021, òkú náà tún ru gùdù, ó kọjá 43,000, lẹ́yìn àrùn Kòrónà tó lé gbogbo èèyàn wọlé. Ṣé fóònù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?

Ti òfin náà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2010, Highway Loss Data Institute, tó jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, yẹ ìpínlẹ̀ mẹ́rin tó ti fòfin de títẹ àtẹ̀jíṣẹ́ nínú ọkọ̀ wò: California, Louisiana, Minnesota àti Washington. Àwọn tó ń wá gbowó ọkọ̀ tó bàjẹ́ ò dín kù; ní mẹ́ta nínú wọn, wọ́n tún pọ̀ sí i díẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rí rèé pé fóònù ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rí pé òfin ò ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé fóònù ò léwu. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ó lè jẹ́ pé àwọn awakọ̀ ti gbé fóònù sọ̀kalẹ̀ sórí itan kí ọlọ́pàá má bàa rí i, tí ojú wọn wá tún jìnnà sí títì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí tó fún mi ní ìrònú jù lọ wá láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Saurabh Bhargava àti Vikram Pathania, lọ́dún 2013. Láàárín 2002 sí 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ kí ìpè di ọ̀fẹ́ bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù. Bó bá ṣe ń lù ni ìpè àwọn tó wà nínú ọkọ̀ máa ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Wọ́n wá wo jàǹbá ṣáájú aago mẹ́sàn-án àti lẹ́yìn rẹ̀. Jàǹbá ò gbéra. Èyí ò bá ìlọ́po mẹ́rin mu rárá, mi ò sì rí ẹni tó dáhùn rẹ̀ tán. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n wọ̀n, lójú títì alẹ́ tí ọkọ̀ ti dín kù, ní ìgbà tí fóònù ò tíì ní Facebook, tí kò sì sí WhatsApp láyé. Ó fi iyèméjì sára mẹ́rin. Kò kan ìṣẹ́jú-àáyá 4.6 yẹn.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM dé. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ródù Séfìtì, ti wà ṣáájú rẹ̀ láti 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìwé ìtanràn wọn, ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ń lo fóònù níbi tó ti ń wakọ̀ á san 4,000 náírà. Ẹ̀ṣẹ̀ náà tún ní òpó tirẹ̀ nínú tábìlì okùnfà jàǹbá tí àjọ oníṣirò ìjọba, NBS, máa ń tẹ̀ jáde. Ẹ bá mi wo tábìlì náà. Eré àsápajúdé ló sábà máa ń wà lókè téńté. Táyà tó bẹ́ wà níbẹ̀, búrèkì tó já wà níbẹ̀, òpó kan tún wà fún ẹni tí kò lè kápá ọkọ̀ mọ́. Òpó ti fóònù, òǹkà inú rẹ̀ kì í tó nǹkan.

Ẹni tó bá máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Iwo Road n'Ìbàdàn lọ sí Èkó mọ̀ pé tábìlì yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. A ti kọjá Ògèrè, ọkọ̀ ń sáré, fóònù dírẹ́bà dún. Ó yọ ọ́ lápò, ó wo ẹni tó ń pè, ó fi èjìká tì í mọ́ etí, orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ti ń bọ̀ ní Bẹ́gà," bẹ́ẹ̀ Bẹ́gà ṣì jìnnà. Ìyá kan lẹ́yìn á ní, "Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀, a lọ́mọ nílé o." Á dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, ọ̀gá mi ni." Ká ní ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn ni tírélà tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ tẹ búrèkì níwájú. Kí ni ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa kọ? Eré àsápajúdé. Òótọ́ ni. Ó lè kọ pé tírélà ò níná. Òótọ́ ni. Ó lè kọ pé awakọ̀ ò lè kápá ọkọ̀. Òótọ́ náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kì í ṣe okùnfà. Bí jàǹbá ṣe rí lójú ni. Okùnfà mẹ́ta ló pàdé lójú kan, tábìlì sì fẹ́ ẹyọ kan. Fóònù ló máa ń pàdánù, torí òun nìkan ni kò sí nílẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá dé. Ní tiwa tilẹ̀ rèé, ó lè máà sí nílẹ̀ ní tòótọ́: àwọn tó kọ́kọ́ sáré débi jàǹbá kì í ṣe ọmọlúàbí tán.

Ìyá tó pariwo lẹ́yìn ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Tó bá yè é, wọ́n á bi í ní orúkọ àti nọ́ńbà ẹbí rẹ̀.

Fóònù nìkan kọ́ ló ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kà. Fún ọdún 2016, Nàìjíríà sọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé èèyàn 5,053 ló kú sínú jàǹbá ọkọ̀. Àjọ náà ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó fojú bu òkú náà sí 39,802. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35,000 èèyàn. Ẹni tó kú sílé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lè wà nínú wọn, àtẹni tí wọ́n gbé lọ sínú ilé ẹbí tàbí ọ̀dọ̀ teguntegun láìjẹ́ kí ìjọba gbọ́, àti ọlọ́kadà tó ṣubú lójú ọ̀nà oko. Mi ò sọ pé 39,802 pé géérégé, ìṣirò lòun náà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọn ò tíì ka òkú tán, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun mọ iye tí fóònù pa nínú wọn, ẹ bi í pé ta ló sọ fún un.

Ó ku dírẹ́bà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá bá a wí, ohun tó máa ń sọ ni pé ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òun ti ń dáhùn ìpè lórí márosẹ̀, nǹkan kan ò ṣe òun rí. Kò purọ́. Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìrìn àjò kan nínú 10,000 ló ń bá jàǹbá pàdé fún ẹni tí kì í gbé fóònù. Ká tún ṣe é kó burú jù, ká ní dírẹ́bà wa wà lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí mẹ́rin Toronto sì jẹ́ òótọ́ pátápátá. Tirẹ̀ á di mẹ́rin nínú 10,000. Ìrìn àjò 9,996 á parí láyọ̀. Ó lè wakọ̀ títí táá fi fẹ̀yìn tì, kó má rí ohunkóhun tó máa sọ fún un pé ewu rẹ̀ ti di mẹ́rin. Kò sí bí ojú ẹnì kan ṣe lè rí ìyàtọ̀ àárín ọ̀kan àti mẹ́rin nínú 10,000.

Gáréèjì tó ní bọ́ọ̀sì àádọ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ tó sì ń bọ̀ lójoojúmọ́, máa ń ṣe ìrìn 100 lóòjọ́. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́, 10,000 ti pé. Bí gbogbo dírẹ́bà ibẹ̀ bá fi fóònù sílẹ̀, jàǹbá kan ni láàárín oṣù mẹ́ta lé díẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń gbé e, ọ̀kan ni láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ má bi dírẹ́bà bóyá fóònù léwu. Alága gáréèjì ni kí ẹ lọ bi pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti lọ kí ẹbí òkú lọ́dún yìí.